Ọwọ́ Tó Wọ Àpò

Rédíò ilé-ìwé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Rédíò ńlá onípákó ni, tí ọ̀gá ilé-ìwé máa ń gbé sórí tábìlì lọ́sàn-án kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bá a ní títú palẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wáyà rẹ̀ tú síta bí ìfun, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yí ohùn rẹ̀ sókè sì ti dàwátì. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ da àpò ìwé wọn kalẹ̀. Nínú àpò ọmọ kíláàsì kẹrin kan ni irin tí wọ́n fi ń tú súkúrù ti jábọ́.

Ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n ti rí irin lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹfà ló gbé e láti ilé. Òun ló tú rédíò náà, torí ó fẹ́ mọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ jókòó sí. Ìgbà tí àbúrò wá pè é pé kí àwọn máa lọ sílé ló ká a mọ́ ìdí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lọ́nà, ẹ̀gbọ́n na irin náà sí i.

"Bá mi mú un dání."

Àbúrò gbà á, ó tì í bọ inú àpò ìwé rẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n ẹni bá ní kéèyàn bá òun mú nǹkan dání, ṣé èèyàn á ní kí ló dé ni?

"Ta ló tú u?" Ọ̀gá ilé-ìwé ló bèèrè níwájú gbogbo ọmọ.

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró lórí ìlà àwọn ọmọ ńlá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí alángbá tó ń wọ ihò, títí ó fi wọlé dé ọrùn ọwọ́. Bọ́tìnì rédíò wà níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, kò sì gbójú sókè mọ́.

"Kì í ṣe èmi," ni àbúrò wí. Wọ́n nà án pé kó dárúkọ ẹni tó ṣe é, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe odi. Ó lẹ́nu. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé, ọjọ́ tó bá ṣe tán láti jẹ́wọ́ kó sì tọrọ àforíjì ni kó padà wá. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Sọ pé ìwọ ni, ọmọ mi, kọ́rọ̀ tán." Ó ní òun ò ní tọrọ àforíjì ohun tí òun ò ṣe. Ó ń jókòó síwájú ilé lójoojúmọ́, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé-ìwé àti bó ṣe ń bọ̀, ó ń retí kí ẹnu yẹn là. Nígbà tó pẹ́, bàbá wọn fà á lé káfíńtà kan lọ́wọ́ pé kó máa ti ibẹ̀ rí nǹkan ṣe títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ọ̀rọ̀ ò yanjú. Bó ṣe di káfíńtà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n di olùkọ́. Iná àti ẹ̀rọ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Tíṣà Àgbà ni gbogbo ayé ń pè é.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Káfíńtà kì í gbàgbé. Bí o bá bú àga rẹ̀ lónìí, tí o wá padà lọ bá a nígbà tí ọmọ tó o gbé pọ̀n lọ́jọ́ náà ti ń fẹ́ ìyàwó, pé kó bá ọ kan ibùsùn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní àga mi ń mì?" Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé tí wọ́n bá ń san owó oṣù fún ìbínú ni, àwọn ì bá ti kọ́lé alájà. Òun náà á ní kó fi òun sílẹ̀, pé èyí tí àwọn ń gbé ò kúkú jò.

Òun àti Tíṣà Àgbà máa ń kí ara wọn o. Wọn ò jà. "Ẹ káàárọ̀." "Káàárọ̀." Ó tán. Nígbà tí ìyá wọn kú, Káfíńtà ló kan pósí. Tíṣà di ọ̀nà orí mú, òun di ọ̀nà ẹsẹ̀ mú, láti ilé títí dé etí sàréè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì ni "rọra".

Ọmọ kan ṣoṣo ni Káfíńtà bí, obìnrin. Ó jọ ìyá wọn tó kú náà débi pé "Ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Nílé-ìwé, Dírẹ́bà ni wọ́n sọ ọ́, torí òun ló ń wa róbọ́ọ̀tì ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ló fọwọ́ ara wọn tò ó: táyà mẹ́rin, apá kan tó ń gùn tó ń kúrú, gbogbo ara rẹ̀ ò ju àpótí ìjókòó lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Eèrà, torí ó kéré, ó sì ń gbé ẹrù tó jù ú lọ. Káfíńtà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kò sì díbọ́n. Ohun tí kì í bá ti í ṣe igi, ó ní kí wọ́n má bi òun. Àmọ́ òun ló kan àpótí tí wọ́n ń gbé Eèrà sí, ó sì fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ bíi pé ọmọ jòjòló ló máa sùn síbẹ̀.

Àsìkò ìdíje gidi ti kọjá. Èyí tó kù jẹ́ ìdíje ẹ̀yìn àsìkò, tí kì í gbé ẹgbẹ́ kankan lọ síbì kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni olùkọ́ ẹgbẹ́ wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, ti máa ń mọ ẹni tó máa di ọwọ́ ìdarí róbọ́ọ̀tì mú lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo ìsinmi ni Dírẹ́bà fi múra ẹ̀. Tó bá ń jẹun, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì á máa yí lórí tábìlì, ìyá rẹ̀ á ní, "Wa oúnjẹ lọ sẹ́nu ná."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, bàbá àti ọmọ jọ ń gbé àpótí Eèrà wọ ọgbà ilé-ìwé ńlá tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é.

"Bàbá, ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n yín náà á wà níbẹ̀ o."

"Kí wọ́n wà níbẹ̀. Ilẹ̀ gba gbogbo wa."

"Wọ́n ní róbọ́ọ̀tì wọn lágbára gan-an."

"Ìyá mi, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Omi pàápàá."

"Kí ni wọ́n ṣe fún yín gan-an?"

"Bi í."

"Mo ti bi wọ́n rí."

Káfíńtà dúró. Àpótí fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló wí?"

"Wọ́n wo ilẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀, ó tún àpótí gbá mú. "Jẹ́ ká máa lọ," ló wí.

Inú gbọ̀ngàn ń hó. Wọ́n ti fi aṣọ dá a sí ìsọ̀ kéékèèké, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀, tòun ti wáyà àti táyà àti ife tíì tó ti tutù. Òórùn rọ́bà tó gbóná wà nínú afẹ́fẹ́. Láàárín ni pápá wà, ọgbà kúkurú yí i ká, bọ́ọ̀lù kún inú rẹ̀, òpó kan sì dúró ní ìkángun rẹ̀. Eré náà ò ṣòroó lóye. Róbọ́ọ̀tì méjì á dojú kọ méjì, wọ́n á máa ṣa bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n tiwọn, tó bá kù díẹ̀ kí fèrè dún, ẹni tó bá lè gun òpó á gùn ún, torí ibẹ̀ ni èrè pọ̀ sí. Eèrà kì í ṣa bọ́ọ̀lù púpọ̀. Àmọ́ òpó? Á na apá rẹ̀ sókè, á rọ̀ mọ́ ọn, á sì gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá gùn ún, Káfíńtà á gbá itan ẹni tó jókòó tì í. Ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n pe àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ sáàárín pápá. Àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù láàárọ̀ fẹ́ mú alájọṣe tí wọ́n á jọ ja ìjà tó kù. Òfin ibẹ̀ le. Ẹni tí wọ́n bá mú lè kọ̀, àmọ́ tó bá ti kọ̀, kò sẹ́ni tó tún lè mú un mọ́. Ilé yá nìyẹn.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ Tíṣà Àgbà, ọmọkùnrin gíga kan, gba máìkì. "Eèrà la mú," ló wí.

Dírẹ́bà, tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ tiwọn, gbójú sókè síbi tí àwọn òbí jókòó sí. Káfíńtà mọ̀ pé òun ló ń wò. Ó rọra mi orí: rárá. Ọmọ náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu.

"A gbà."

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ó dun Káfíńtà bí ìgbà tí òòlù bá yẹ̀ lórí ìṣó, tó bọ́ sórí àtàǹpàkò, tí èèyàn ò sì lè pariwo torí oníbàárà wà níbẹ̀.

Ó lọ bá a ní ìsọ̀ wọn. "O rí mi."

"Mo rí yín, Bàbá."

"O sì gbà."

"Tí mo bá kọ̀, gbogbo wa la máa palẹ̀ mọ́. Súkúrù náà, Àǹtí náà. Ṣé torí ìjà tí kò sẹ́ni tó mọ orí ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa lọ sílé?"

Káfíńtà yíjú sí àpótí Eèrà. Súkúrù ló gbà á sílẹ̀. Òun ni ọmọ tó máa ń de gbogbo ìdè ara Eèrà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Ẹ má bínú, Bàbá Dírẹ́bà. Tí a bá gba ife, ẹ̀yin náà lẹ máa kan pẹpẹ tí a máa gbé e lé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mì o."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà wò ó bí ẹni tó ń há ojú rẹ̀ sórí de ọjọ́ iwájú, ó fa àga kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀.

Bí wọ́n ṣe di alájọṣe, wọ́n ká aṣọ tó wà láàárín ìsọ̀ méjèèjì kúrò, wọ́n sì so tábìlì bátìrì pọ̀, torí ibi tí iná wà ò ju ẹyọ kan lọ. Bátìrì ni ẹ̀mí Eèrà. Wọ́n kì í fi ẹyọ kan jà lẹ́ẹ̀mejì láì tún un ṣáàjì. Èyí tí wọ́n bá ti lò, ẹni tó yọ ọ́ á so rọ́bà pupa mọ́ ọn lọ́rùn kó tó gbé e sórí tábìlì. Èyí tí kò bá ní rọ́bà, ó kún. Ní ìsọ̀ Eèrà, Dírẹ́bà ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjà àkọ́kọ́, wọ́n borí. Tí wọ́n bá tún borí lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á wọ àṣekágbá. Dírẹ́bà sáré wọlé, ó yọ bátìrì, ó bọ Súkúrù lọ́wọ́, ó lọ síbi tábìlì, ó padà wá. Àwọn ọmọ kóra jọ sọ́dọ̀ Àǹtí láti gbọ́ bí wọ́n á ṣe ja èyí tó kù.

Ìgbà náà ni Tíṣà Àgbà wọlé. Ó ti ń hu ewú, ó sì fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Eèrà ṣe bẹbẹ! Àbúrò, o káàsán."

"Ẹ káàsán."

Ó tán. Tíṣà ń bọ̀ lọ́nà tábìlì. Káfíńtà gbé àga rẹ̀, ó yí i po, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó pẹ́ tó ti kọ́ ojú ara rẹ̀ láti má ṣe wo ọkùnrin yìí. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń to nǹkan lẹ́yìn òun, tó ń kun orin kan nímú bó ṣe máa ń kùn ún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ní kó to igi ìdáná. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbà kí nǹkan wà ní wúruwùru. Nígbà tó yá, orin náà dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ké sí wọn. Wọ́n ní róbọ́ọ̀tì àwọn kan ti bàjẹ́, ìjà wọn ti yí síwájú, kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá. Irin tí wọ́n fi ń wọn agbára bátìrì wà lórí tábìlì, àmọ́ ta ló ráyè? Dírẹ́bà mú bátìrì tí kò ní rọ́bà lọ́rùn, ó tì í sínú Eèrà, wọ́n gbé e sáré dé pápá.

Eèrà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ṣa bọ́ọ̀lù, ó yí, ó sá lọ síbi òpó. Ó na apá sókè, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, iná ara rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó kú. Apá rẹ̀ tú, ó já lulẹ̀ gbàì, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí bàtà tí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Dírẹ́bà ń tẹ ọwọ́ ìdarí, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Fèrè dún. Wọ́n pàdánù.

Ó ku ìjà kan tó máa yanjú ọ̀rọ̀.

Ní ìsọ̀, Àǹtí yọ bátìrì, ó wọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà. "Èyí tí a fi ja ìjà àkọ́kọ́ rèé. Ẹ wo àmì tó wà lára ẹ̀. Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni," ni Dírẹ́bà wí.

"Rọ́bà ẹ̀ dà?"

"Mo so ó. Nígbà tí mo padà lọ mú bátìrì, eléyìí ò ní rọ́bà, mo rò pé ó kún ni."

"O so ó, kò sì ní rọ́bà. Ṣé rọ́bà náà wá fò lọ ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Súkúrù ní, "Dírẹ́bà, ó lè jẹ́ pé o gbàgbé ni. Ṣé èmi náà ò gbàgbé táyà níjọ́sí ni? Táyà odindi!"

"Mi ò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí i mọ́ ọn lọ́rùn."

Àwọn ẹgbẹ́ Tíṣà Àgbà náà ti dé, wọ́n dúró létí ìsọ̀, wọ́n ń gbọ́. Tíṣà wà láàárín wọn. Àǹtí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe èèyàn líle.

"Gbọ́, kò sẹ́ni tó máa pa ẹ́. O kúkú mọ òfin wa. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó sọ ọ́, ká tún un ṣe, ká máa lọ. Sọ pé o gbàgbé, kí o wá lọ wa Eèrà. Wọ́n ti ń pè wá."

"Tí mi ò bá sọ ńkọ́?"

"Súkúrù ló máa wà á nìyẹn. Lónìí, àti lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò lè sọ àṣìṣe rẹ̀, mi ò lè gbé ọwọ́ ìdarí lé e lọ́wọ́."

Ọmọ náà bọ́ awò ojú tí wọ́n máa ń wọ̀ ní pápá, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́.

"Mi ò ní tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe," ló wí, ó sì nawọ́ mú àpò rẹ̀.

Káfíńtà ò sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ yìí rí. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ibo ló ti rí i? Inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó mọ ọ̀nà tí gbólóhùn yẹn ń gbé èèyàn gbà, ó mọ ibi tó parí sí. Iwájú ilé ló parí sí, níbi tí èèyàn á ti jókòó, tí á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, kò ní gbọ́. Ọ̀la á di ọ̀túnla. Níjọ́ kan, á kàn rí i pé òun ti di nǹkan mìíràn.

Ìgbà náà ló wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò ó gan-an, lójú kòrókòró.

Tíṣà Àgbà ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ inú àpò ṣòkòtò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Kí ni Káfíńtà máa sọ? Kí ló rí? Nígbà tí ọkùnrin yìí wà nídìí tábìlì, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Bíbínú tó ń bínú ló gba ojú rẹ̀. Tó bá pariwo báyìí, wọ́n á ní ìjà àtijọ́ ló ń jà. Ohùn tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti kékeré sì tún dìde nínú rẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe odi. Ó lẹ́nu. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó dúró. Ó ń retí kí ẹnu yẹn là.

Dírẹ́bà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Àpò rẹ̀ fara kan orúnkún bàbá rẹ̀. Ó ti dé ibi tí ìsọ̀ parí sí, ó ti kọjú sọ́nà ilẹ̀kùn ńlá, kò wẹ̀yìn. Bó ṣe ń lọ yẹn, tó gbé èjìká sókè kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ń sunkún, ìyá wọn ló jọ, Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló sì tún jọ. Ó wá yé Káfíńtà pé òun nìkan kọ́ ló ń dúró mọ́. Òun ti fa ọmọ òun jókòó síwájú ilé yẹn.

Ó dìde. Àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a padà sílé. Tíṣà Àgbà gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n da omi lù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ń lọ o."

"Mo... mo ń wò ó, Àbúrò."

"Ọ̀nà tí mo gbà lọ ló ń gbà lọ yẹn. Mi ò bá yín jà. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín." Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ yọ ọwọ́ yín."

Àwọn ọmọ ń wo bàbá kan, wọ́n ń wo bàbá kejì. Níta, ẹni tó di máìkì mú tún ń pe orúkọ Eèrà. Dírẹ́bà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn.

Ọwọ́ Tíṣà ò tètè jáde. Ó pẹ́ nínú àpò náà bíi pé nǹkan kan dì í mú níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó là á sílẹ̀ níwájú wọn. Rọ́bà pupa wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ yẹn so rọ́bà," ló wí. "Èmi ni mo tú u."

"Ẹ̀yin, sà?" ni Àǹtí wí.

"Ní ìsọ̀ tiwa, èyí tó bá kún là ń so rọ́bà mọ́. Mo rí bátìrì tó ṣì gbóná, tó sì so rọ́bà, mo ní àwọn ọmọ ti ṣàṣìṣe, mo bá wọn tú u. Mo fi rọ́bà sápò. Nígbà tí Eèrà já lulẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe." Ó wo Dírẹ́bà lẹ́nu ọ̀nà. "Gbogbo ìgbà tí ẹ ń bá a wí yìí, mo ti mọ̀."

Súkúrù fi ọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí sáré jáde síta. "Dírẹ́bà! Ọmọ mi, má bínú. Padà wá." Ọmọ náà ò tíì kúrò lójú kan. Bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Káfíńtà ò sún, kò sì jókòó. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tíṣà Àgbà ṣe bí ẹni fẹ́ yí padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Kò gbé èkejì. Ó yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní lílà, rọ́bà pupa ṣì wà níbẹ̀.

"Rédíò yẹn," ló wí.

"Rédíò wo?" ni Súkúrù bèèrè.

"Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́," ni Káfíńtà wí. Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Tíṣà Àgbà bọ́ gíláàsì lójú. Ó kọjú sí gbogbo wọn, àwọn ọmọ tirẹ̀ àti àwọn ọmọ Eèrà, ọmọ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè bó ṣe máa ń gbé e sókè ní kíláàsì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.

"Nígbà tí a wà lọ́mọdé, èmi ni mo tú rédíò ilé-ìwé wa. Èmi ni mo ní kó bá mi mú irin dání. Wọ́n lé e kúrò nílé-ìwé, mo wà níbẹ̀, mo wo ilẹ̀. Àbúrò mi ò fọwọ́ kàn án. Èmi ni."